Korope oníná lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́: kẹ́ ẹ tó ra bátìrì kún un, ẹ wo orí ọkọ̀ yín ná

Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Awoyaya. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ẹni tó lè bá mi wọ́ ọkọ̀ dé Ajah?" Mo ní kí ló ṣe ọkọ̀, ṣé epo ló tán ni? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Iná ló tán, mà."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi gan-an kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó rántí iye owó tó wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Korope ló ń wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé láàárín Lekki sí Ajah, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa júwe Korope fún yín: ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ ará Japan yẹn, èrò méje, orúnkún lọ́run. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ni ọmọ yìí ti ń sunkún epo. Bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ₦998 ni ilé epo NNPC kọ síta l'Ékòó. Ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́ èrò méje, níbo ló fẹ́ rí i?

Ló bá kó owó àjọ, ó yá owó kọpurétíìfù lé e, ó gbé Korope lọ fún àwọn kan tó ń yọ ẹ́ńjìnnì kúrò tí wọ́n ń fi mọ́tò iná rọ́pò rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Bátìrì ínfátà mẹ́jọ, èyí tó ga tó sì wúwo yẹn, ni wọ́n tò sábẹ́ ìjókòó. Wọ́n fi irin ṣe àkàbà sórí òrùlé, wọ́n gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà méjì sókè rẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ẹrù. Wọ́n tún so fáànù méjì mọ́ iwájú ọkọ̀. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré ni afẹ́fẹ́ á máa yí fáànù, fáànù á sì máa sáàjì bátìrì. Ọkọ̀ tó ń fún ara rẹ̀ lóúnjẹ.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, láàárín Ajah sí Sangotedo, kò sí wàhálà kankan. Ọkọ̀ ò pariwo, kò rú èéfín, àwọn èrò ń ya fídíò. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá kan tó ń yá àga fún ayẹyẹ háyà rẹ̀ lọ sí Eleko. Wọ́n to àga sórí òrùlé, wọ́n lọ, wọ́n ṣe ayẹyẹ tán, wọ́n tún to àga padà. Títì já geere, ọmọ náà sì tẹ̀ ẹ́ dé 80. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bí ẹni tí òòyì ń kọ́, ó sì kú sí Awoyaya.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ní bátìrì ló kéré. Kó fi mẹ́rin kún un. Owó bátìrì mẹ́rin yẹn ló ní kí n yá òun.

Kí n tó fún un lésì, mo fẹ́ mọ ohun tó pa ọkọ̀ náà. Nítorí ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Gbogbo wa la mọ̀ pé sún kẹrẹ fà kẹrẹ ló ń jẹ epo, pé bí ọkọ̀ bá ti já sí títì gbọọrọ, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Báwo wá ni ọkọ̀ tó ń ṣe dáadáa nínú hóódọ́ọ̀pù Ajah á ṣe kú sórí títì tó dá wáí?

Mass Comm ni mo kà ní póòlì, kò sí físíìsì níbẹ̀. Ìwé físíìsì ọmọ mi tó wà ní SS2 ni mo ṣí, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà, a jọ ṣírò ó lórí fóònù títí dátà mi fi tán. Ohun tá a rí rèé, mo sì rò pé ó kan gbogbo ẹni tó ń gbèrò láti sọ ọkọ̀ rẹ̀ di oníná.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń mu epo lórí ìdúró. Kódà bí LASTMA bá dá ọ dúró fún ìdajì wákàtí, ó ń mu ún. Mọ́tò iná kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí kò bá yí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan. Ohun tó ń jẹ iná rẹ̀ ni táyà tó ń tẹ ilẹ̀, bùréèkì tó ń dá eré dúró, àti afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ là kọjá. Táyà ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa eré, ẹrù lo fi ń mú un bínú. Afẹ́fẹ́ ni tirẹ̀ yàtọ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, iná tí afẹ́fẹ́ ń gbà lórí kìlómítà kan náà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n fi yúníìtì sọ ọ́, yúníìtì tẹ́ ẹ ń rà sí mítà ilé yín náà ni mò ń sọ. Ká sọ pé Korope tó kún wọn 1,500 kìlógíráàmù. Lórí ìrìn 10 kìlómítà, táyà rẹ̀ á jẹ bí ìdajì yúníìtì. Bó bá ń sá eré 30, afẹ́fẹ́ ò ní jẹ ju 0.1 lọ. Bó bá di 60, afẹ́fẹ́ á jẹ 0.45, òun àti táyà ti dọ́gba nìyẹn. Bó bá di 80, afẹ́fẹ́ nìkan á jẹ 0.8. Òrùlé òfìfo nìyẹn o, kò sí àga, kò sí àkàbà irin. Bí a bá gbé páńẹ́ẹ̀lì sókè tá a tún to àga sábẹ́ rẹ̀, a ti sọ ojú ọkọ̀ di ògiri tó ga sí i. Ìṣirò wa ni pé ó máa fi bí ìdá mẹ́ta kún ohun tí afẹ́fẹ́ ń jẹ.

Ẹ wá fi atẹ́gùn òkun lé e. Ilẹ̀ Lekki yìí, tóóró ni láàárín òkun àti ọ̀sà, atẹ́gùn tó sì wọ́pọ̀ níbẹ̀, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá. Títì Ẹ̀pẹ́ ń lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, atẹ́gùn ń tì yín díẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ó ń dojú kọ yín. Ẹni tó ń sá 80 nínú atẹ́gùn 15 tó dojú kọ ọ́, lójú afẹ́fẹ́, 95 ló ń sá, iná tí afẹ́fẹ́ ń gbà sì ti fi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lé sí i. Ẹ rántí pé ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ni ọkọ̀ kú, kì í ṣe ìgbà tó ń lọ.

Nígbà tá a ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, àti ohun tí mọ́tò fúnra rẹ̀ ń fi ṣòfò, ọkọ̀ yẹn ń jẹ bíi yúníìtì méjì àbọ̀ lórí 10 kìlómítà nígbà tó ń bọ̀ láti Eleko. Bátìrì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ bíi yúníìtì 21 lórí ìwé, ṣùgbọ́n irú bátìrì yẹn, ìdajì rẹ̀ péré lo lè lò bí o ò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ẹ pín in fúnra yín: kò ní kọjá nǹkan bíi 40 kìlómítà. Nínú Ajah, bíi 60 ló máa rìn.

Ìdí tí Ajah fúnra rẹ̀ ò fi ju 60 lọ ni ẹrù. Bátìrì mẹ́jọ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní 60 kìlógíráàmù. Àpapọ̀ wọn, 500. Èrò méje nìyẹn tí kì í san owó ọkọ̀, tí kì í sì í sọ̀kalẹ̀ ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù kankan. Láàárín Jakande sí Ajah ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìdúró-ìrìn, ìdúró-ìrìn ni, gbogbo ìgbà tó o bá sì ti eré 40 tẹ bùréèkì tí ọkọ̀ dúró, eré tó o ti fi iná rà ti di ooru lára bùréèkì. Bó o bá ṣe wúwo tó ni o ṣe ń sọ nù tó. Lẹ́ẹ̀mejì nínú kìlómítà kan, ohun tí bùréèkì ń jẹ ti tó èyí tí táyà ń jẹ. Ó ṣeé ṣe kí mọ́tò iná sọ ara rẹ̀ di jẹnẹrétọ̀ nígbà tó o bá fẹ́ dúró, kó dá díẹ̀ padà sínú bátìrì, ẹ̀bùn tó dùn jù nínú ọkọ̀ oníná fún ará Èkó sì nìyẹn. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe é ò so apá yẹn pọ̀ rárá.

Wọ́n wá ní kó fi mẹ́rin kún un. Èrò mẹ́ta àbọ̀ mìíràn! Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bùréèkì àti sípíríǹgì rẹ̀ ní Japan fún ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n. Mo rò pé àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba Èkó gbọ́dọ̀ máa gbé irú ọkọ̀ báyìí sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n tó fún un níwèé, nítorí èrò tó jókòó lórí bátìrì mẹ́jọ ò mọ nǹkan kan nípa bùréèkì.

Ní ti fáànù iwájú, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti rí irú rẹ̀ lórí WhatsApp. Afẹ́fẹ́ tó ń yí fáànù, ta ló fún un lágbára? Mọ́tò tó ń ti ọkọ̀ lọ ni. Fáànù náà ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn bí ọkọ̀ ṣe ń ti ara rẹ̀ síwájú, ohun tó sì ń mú wá ò lè tó ohun tó ń gbà. Bí ẹni tó ń ta káàdì fún ara rẹ̀ ni, tó tún ń yọ owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èrò yẹn kì í ṣe tòní. Ní ọdún 2014, Segun Oyeyiola, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, sọ Volkswagen Beetle kan di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́: páńẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé, ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníròyìn láti òkè òkun kọ nípa rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọmọ yẹn gan-an. Ó fi àwọn nǹkan àlòkù ṣe é, ó sì mọ̀ pé bátìrì wúwo, torí ó fún ọkọ̀ náà ní sọ́bù tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ohun méjì tó fi kún un, páńẹ́ẹ̀lì nìkan ni mo lè gbà pé ó ń mú iná wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yẹn lè wúlò bí ọkọ̀ bá dúró sí etí òkun tí atẹ́gùn ń fẹ́. Lórí ìrìn, gbèsè ni.

Páńẹ́ẹ̀lì náà, ẹ má retí púpọ̀. Òrùlé Korope lè gba bíi 500 wáàtì. Oòrùn Èkó á fún un ní yúníìtì méjì lọ́jọ́ tó bá dára, ìyẹn nǹkan bíi 10 kìlómítà. Ó dára, owó ni, ṣùgbọ́n bó o bá gbé e sókè lórí àkàbà irin, afẹ́fẹ́ lè gba gbogbo rẹ̀ padà kó o tó dé Lakowe. Kó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ òrùlé ni.

Ẹ wo danfo, ẹ̀gbọ́n Korope. Àwa máa ń rò pé ẹnikẹ́ni ò ronú nípa afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń fún ìrísí ọkọ̀. Bó bá ṣe kéré tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń rọrùn là tó. Nígbà tí Volkswagen ń ṣe bọ́ọ̀sì Transporter àkọ́kọ́ ní Jámánì lọ́dún 1949, wọ́n gbé àwòṣe rẹ̀ lọ sí ihò afẹ́fẹ́ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Braunschweig. Iwájú rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ilẹ̀kùn, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0.75. Wọ́n yí ojú rẹ̀ po, ó sì já sí 0.44. Ìpín ńlá ni, bátìrì kankan ò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ojú ọkọ̀ tó tẹ roboto yẹn, tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ danfo àtijọ́, afẹ́fẹ́ ló gbẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí tóbi jù lọ fún àwọn tírélà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2023 tí iṣẹ́ òwò ti bẹ̀rẹ̀ ní Lekki Deep Sea Port, tí ilé ìfọpo Dangote náà sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin náà ń rí ohun tó ń kọjá níwájú Sangotedo. Gáàsì CNG ni Dangote yàn fún 4,000 ọkọ̀ tó kéde ní 2025, kì í ṣe iná. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnìkan á gbé tírélà oníná wá sójú ọ̀nà yìí. Tírélà tó gbé kọńténà, tó wọn 40 tọ́ọ̀nù, tó ń sá 80, afẹ́fẹ́ nìkan á jẹ bíi yúníìtì márùn-ún lórí 10 kìlómítà. Bó bá ń fà ní eré 20, afẹ́fẹ́ ò ní jẹ ju 0.3 lọ. Ìdí nìyẹn tí Tesla, nígbà tó fi tírélà Semi hàn ní 2017, fi ń fọ́nnu pé nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 0.36, tí àwọn tírélà tó wọ́pọ̀ sì máa ń lé ní 0.6. Ojú rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ọta ìbọn, wọ́n sì dí àlàfo tó wà láàárín orí ọkọ̀ àti ẹrù. Tiwa ńkọ́? Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín orí tírélà àti kọńténà tó bá kọjá lára yín lónìí. Ènìyàn lè so àmákà síbẹ̀. Aṣọ irin tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ tírélà lókè òkun kí afẹ́fẹ́ má baà wọ abẹ́ rẹ̀, mi ò rò pé ó máa pẹ́ lórí kòtò tiwa. Ṣùgbọ́n dídí àlàfo òkè yẹn, páńẹ́ẹ̀lì bítà lè ṣe é.

Owó ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó iná àwọn Band A lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀kalẹ̀ wá sí ₦209.50. Bí ẹ bá fi iye yẹn sáàjì, pẹ̀lú èyí tó ń ṣòfò nínú bátìrì, Korope yìí á ná yín ní bíi ₦440 lórí 10 kìlómítà nínú ìlú. Oní-bẹntiróòlù tó ń fi lítà kan rin kìlómítà 12, bí lítà bá jẹ́ ₦900, á ná ₦750. Èrè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí NEPA ò bá mú iná wá tẹ́ ẹ wá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré sáàjì, lítà epo kan ò ní fún yín ju yúníìtì méjì lọ, ìrìn kan náà á sì lé ní ₦900. Ẹ kúkú dá ẹ́ńjìnnì padà.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ní Maiduguri, Mustapha Gajibo àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Phoenix Renewable, ti ń yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú bọ́ọ̀sì kéékèèké, wọ́n sì ń fi mọ́tò iná sí i. Níbí, Oando Clean Energy àti LAMATA gbé bọ́ọ̀sì Yutong oníná wọlé fún ìdánwò ní 2023. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bátìrì nìkan ni àwọn oníṣẹ́ wa ń tà. Bátìrì lówó lórí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ àkàbà irin kúrò lórí òrùlé, kí wọ́n fi abala áúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ bo abẹ́ ọkọ̀ (kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ibi tí mọ́tò ti ń mí o, kó má jóná), kí wọ́n dí ihò iwájú tí rediétọ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ nígbà tí kò sí rediétọ̀ mọ́, kí fọ́kanáísà fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó yẹ, kí dírẹ́bà fi 60 rìn dípò 80: kò sí èyí tó tó owó bátìrì kan nínú wọn. Ìyẹn 60 yẹn nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ohun tí afẹ́fẹ́ ń jẹ sí ìdajì, ọ̀fẹ́ sì ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni kéèyàn tó máa sọ̀rọ̀ lítíọ́ọ̀mù, tí 100 kìlógíráàmù rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí 500 èyí ń ṣe.

Nítorí náà, mi ò yá a lówó bátìrì mẹ́rin. Ó bínú fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò gbé fóònù mi. Nígbà tó gbé e, mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sọ́dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì bítà kan ní Ajah, èmi á san owó iṣẹ́. Wọ́n gé àkàbà kúrò, wọ́n so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé pẹrẹsẹ, wọ́n tú fáànù méjèèjì (ọ̀kan wà ní pálọ̀ mi báyìí, ó ń fẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí). Owó lítíọ́ọ̀mù, ó tún ti wọ àjọ mìíràn nítorí rẹ̀. Ní báyìí, kì í kọjá Sangotedo.

Ìyá alága ti tún pè é. Ẹ̀pẹ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, àga igba. Ó ní òun máa pè wọ́n padà.